Ta Ló Kọ Táìmù-Tébù Yìí? Lámèyítọ́ Bébà Kan Lára Ògiri ní Ìta Fàájì

Àwọn kan nínú yín ti ń bi mí léèrè pé ṣé kò sí nǹkan, nítorí mi ò kọ ohunkóhun láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kò sí nǹkan o. Ojú ló ń yọ mí lẹ́nu díẹ̀, ó sì ti ń rọlẹ̀.

Ẹ mọ̀ mí mọ lámèyítọ́ ìwé. Ìwé tí mo fẹ́ yẹ̀ wò lónìí kò ju ojú ewé kan lọ. Kò ní òǹtẹ̀wé, kò sì ní orúkọ òǹkọ̀wé. Bébà funfun tó le ni, wọ́n fi sẹlotéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá kan ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé ẹbí wa ní Ìta Fàájì. Mo lọ síbẹ̀ fún fídáù ẹ̀gbọ́n wa kan lóṣù tó kọjá. Nígbà tí wọ́n ṣe àdúà tán tí wọ́n ń pín oúnjẹ, ariwo pọ̀ jù fún arúgbó bíi tèmi, ni wọ́n bá ní kí n lọ fẹ̀yìn lélẹ̀ ní yàrá Àṣàkẹ́, ọmọ ọmọ àbúrò mi. Oríkì rẹ̀ nìyẹn. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí ó ní òun ò fẹ́ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ òun mọ̀ pé òun ni. Dípò kí n sùn, ògiri ni mò ń kà. Àìsàn olùkọ́ èdè ni: bó bá ti rí ohun tí wọ́n kọ, àfi kó kà á.

Àṣàkẹ́ wà ní ọdún kìíní ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Àwọn ará yunifásítì á ní ọdún kejì ni, nítorí ọdún àkọ́kọ́ pátá ni wọ́n fi ṣe Físíìsì, Kẹ́místìrì àti Bàọ́lọ́jì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gba ọ̀nà yẹn kọjá mọ̀ pé ìgbà tí Anátómì, Fisiọ́lọ́jì àti Bayokẹ́místìrì bá dé, tí wọ́n kó ọmọ lọ síwájú òkú tí wọ́n fẹ́ kó gé, ìgbà yẹn gan-an niṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Kò rí àyè ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, nítorí náà láti Ìta Fàájì ló ti ń lọ tó ń bọ̀ lójoojúmọ́, ó ń kọjá afárá lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá rẹ̀ ń ta orísìírísìí, ìyẹn inú ẹran, ní ọjà Sandgrouse. Owó ibẹ̀ ni wọ́n fi ń san gbogbo nǹkan.

Ẹ ó rántí ilé tó wó ní Massey Street, ní Ìta Fàájì níbẹ̀, ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2019, tí ilé ìwé àwọn ọmọ kékeré wà nínú rẹ̀. Àṣàkẹ́ wà ní sẹ́kọ́ńdìrì nígbà náà. Ó rí i bí wọ́n ṣe ń gbé àwọn ọmọ jáde lábẹ́ bíríkì. Ó ní láti ọjọ́ yẹn lòun ti sọ pé dókítà lòun máa ṣe. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i tí mo ń tẹ́ńbẹ́lú táìmù-tébù rẹ̀, ẹ má rò pé mo ń fi ọmọ náà ṣe yẹ̀yẹ́.

Ohun tó wà lára bébà náà nìyí, mo tò ó bí mo ṣe rí i. Aago 4:00, jíjí. 4:15 sí 6:00, Anátómì. 6:00 sí 8:00, ọ̀nà. 8:00 sí 4:00 ìrọ̀lẹ́, kíláàsì àti yàrá òkú. 4:00 sí 6:00, ọ̀nà. 6:30 sí 8:30, Fisiọ́lọ́jì. 9:00 sí 11:00, Bayokẹ́místìrì. 11:00 sí 1:00 òru, àtúnkà. 1:00 sí 4:00, oorun. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Wákàtí 8 ní ilé ìwé, wákàtí 8 ó dín ìṣẹ́jú 15 nídìí ìwé nílé, wákàtí 4 nínú mọ́tò, wákàtí 3 fún oorun. Ohun tó ṣẹ́ kù nínú ojúmọ́ kan fún ìwẹ̀, oúnjẹ, ìrun àti kí èèyàn kàn jókòó jẹ́ẹ́ ni wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 15. Ẹni tó kọ èyí kò tíì gbé ní Ìta Fàájì rí. Kò mọ̀ pé bí pátì bá wà lójú títì lálẹ́ Sátidé, aago 11 kì í ṣe àkókò àtúnkà ohunkóhun. Kò sì fi àyè sílẹ̀ fún ọjọ́ tí kò síná, tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò sì ń pariwo lẹ́bàá fèrèsé.

Mo bi ọmọ náà pé ta ló kọ ọ́. Ó ní ẹnì kan tó ṣáájú àwọn ló fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, òun náà gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ṣáájú rẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó kọ́kọ́ lò ó gba ẹ̀bùn. Ṣé ẹ rí i? Ìtàn àtẹnudẹ́nu ni. Kò sẹ́ni tó mọ òǹkọ̀wé, kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá òǹkọ̀wé náà tẹ̀ lé e fún ọ̀sẹ̀ méjì pàápàá, ṣùgbọ́n ó ti di ohun tí àwọn ọmọ ọdún kìíní ń jogún. Mo ti rí irú rẹ̀ nínú fídíò àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà àti Lọ́ńdọ̀nù, tábìlì funfun, iná rokoṣo, kọfí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Èyí tó wà ní Ìta Fàájì kàn jẹ́ ẹ̀dà ti ọmọ Nàìjíríà, ó yọ kọfí kúrò, ó sì fi gosúlóò kún un.

Jẹ́ kí n wá ṣe iṣẹ́ tí mo mọ̀ ọ́n ṣe. Bí a bá ka bébà yìí gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń ka ìwé, ohun àkọ́kọ́ tó hàn ni pé kò sí ọ̀rọ̀-ìṣe nínú rẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ọ̀rọ̀-orúkọ sì ni gbogbo rẹ̀. “Anatomy.” Kí lẹ fẹ́ fi Anátómì ṣe láti aago 4:15 sí aago 6? Ṣé ẹ fẹ́ yà á ni? Ṣé ẹ fẹ́ sọ ọ́ láìwòwé? Ṣé apá lẹ fẹ́ kọ́ ni àbí ẹsẹ̀? Bébà kò sọ. Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó lè jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe níbẹ̀ ni “Sleep”, nítorí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn lè jẹ́ orúkọ, ó sì lè jẹ́ ìṣe. Oorun nìkan ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ pé kí ọmọ náà ṣe, òun náà ni wọ́n sì fún ní wákàtí mẹ́ta péré.

Mo bá bi í pé, “Àṣàkẹ́, kí lo máa ń ṣe gan-an bí aago 4:15 bá lù?”

Ó ní, “Bàbá, mo máa ń kàwé ni.”

“O ń kà á báwo?”

Ó wò mí bí ẹni tí orí mi fẹ́ dàrú. Ó ṣí ìwé rẹ̀ hàn mí. Gbogbo ojú ewé ló ti fi bírò aláwọ̀ ìyeyè kùn, ìlà lórí ìlà, débi pé ibi tí kò kùn ló wá hàn sí mi jù. Ó ní òun ti ka orí ìwé yẹn lẹ́ẹ̀mẹrin. Mo ní kó dé ìwé náà, kó sọ ohun tó wà ní apá òkè fún mi, láti èjìká dé ìgbúnwọ́. Ó sọ gbólóhùn méjì, ó dákẹ́. Omi lé sí i lójú. Ìgbà yẹn ló tó sọ pé nínú ìdánwò àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe ní Anátómì, 38 nínú 100 lòun gbà, 50 sì ni wọ́n fi ń yege. Kò tíì sọ fún ìyá rẹ̀. “Bàbá, mo kà á o. Wállàhí, mo kà á.”

Mo gbà á gbọ́. Òótọ́ ló sọ, èdè wa ló sì bá a sọ ọ́. Ẹ wo ọ̀rọ̀-ìṣe yìí, *kà*. Òun la fi ń ka ìwé, òun náà la fi ń ka owó. Àwọn tó kọ́kọ́ rí ìwé láàárín wa ló ní láti pe iṣẹ́ yẹn ní orúkọ kan, wọ́n sì mú ọ̀rọ̀ tó ti wà fún iye. Mi ò ní sọ pé ọ̀rọ̀ kan ló ń sọ bí a ṣe ń ronú, ẹ mọ̀ pé mo ti bá àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ jà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ Àṣàkẹ́, ìtumọ̀ kejì ti gbé ìtumọ̀ kìíní mì. Wákàtí ló ń kà. Ojú ewé ló ń kà. Iye ìgbà tó tún un kà ló ń kà. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn tó ń ṣe ohun tí wọ́n ń pè ní TDB, tí wọ́n ń jókòó sídìí ìwé títí ilẹ̀ fi mọ́. Bí ẹ bá bi wọ́n ní òwúrọ̀, iye wákàtí ni wọn á dá yín lóhùn.

Àwọn tó ń ṣèwádìí nípa ọpọlọ ti wo ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 2006, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke ní Washington University ní St. Louis fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àyọkà kan. Apá kan kà á fún ìgbà mẹ́rin. Apá kejì kà á fún ìgbà kan péré, wọ́n wá fi ìgbà mẹ́ta tó kù kọ ohun tí wọ́n rántí sílẹ̀ láìwo ìwé. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó kà á lẹ́ẹ̀mẹrin ló borí: wọ́n rántí 83 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn kejì rántí 71. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó kà á lẹ́ẹ̀mẹrin rántí 40, àwọn tó ń dé ìwé rántí 61. Èyí tó dùn mí jù nínú rẹ̀ ni pé àwọn tó kà á lẹ́ẹ̀mẹrin ni ọkàn wọn balẹ̀ jù pé àwọn máa rántí. Kíkà ní àkàtúnkà ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mọ́ni lójú, a sì ń rò pé ohun tó mọ́ wa lójú ti wọ̀ wá lórí. Ní 2013, John Dunlosky àti àwọn mẹ́rin mìíràn yẹ ọ̀nà ìkẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá wò, wọ́n sì fi fífi bírò kun ìlà àti àkàtúnkà sí ìsọ̀rí àwọn tí èrè wọn kéré. Bírò aláwọ̀ ìyeyè tí Àṣàkẹ́ ra, páálí kan ni.

Nígbà tí mo sọ èyí fún ọ̀rẹ́ mi kan tóun náà ti fẹ̀yìn tì, ó ní, “Àkọ́sórí ló ń bà wọ́n jẹ́. Kí wọ́n jẹ́ kó yé wọn.” Ìwàásù tí gbogbo olùkọ́ ń wàá nìyẹn, èmi náà ti wàá á. Mi ò fara mọ́ ọn mọ́. Egungun 206 ló wà lára àgbàlagbà. Iṣan tó ń ti inú orí wá, méjìlá ní ọ̀tún, méjìlá ní òsì. Kí ni “yíyé” fẹ́ ṣe sí i? Orúkọ ni, àfi kí èèyàn mọ̀ ọ́n sórí. Àkọ́sórí kò ṣe nǹkan kan. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ́ ọ sórí ni kò dára.

Ní Ìsàlẹ̀ Èkó ni mo dàgbà, ilé kéwú kan sì wà ní ìtòsí wa. Nígbà tí mo jẹ́ ọ̀dọ́ olùkọ́, mo kọ àpilẹ̀kọ kan tí mo fi bú irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, mo ní ariwo lásán ni. Mo ti kábàámọ̀ rẹ̀. Ẹ wo ohun tí àáfà ń ṣe. Ọmọ á kọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ sára wàláà. Á kà á, á kà á. Lọ́jọ́ kejì, á wá síwájú àáfà, á kọ ẹ̀yìn wàláà sí ara rẹ̀, á sì ké e láìwò ó. Bó bá ṣì í, á padà lọ. Bó bá gbà á, wọ́n á ní kó fọ wàláà náà kó kọ òmíràn. Ẹ gbọ́ o, wọ́n á *fọ̀ ọ́*. Ìwé ti lọ. Orí ọmọ nìkan ló ṣẹ́ kù tí ẹ̀kọ́ yẹn lè gbé. Kò sí ọmọ ilé kéwú tó lè wá sílé wá sọ pé òun ti ka wàláà òun lẹ́ẹ̀mẹrin, torí wọn ò ní bi í ní iye. Bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́dọ̀ àwọn babaláwo. Odù 256 ni, ojú odù 16 àti ọmọ odù 240, ẹsẹ̀ tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan kò lóǹkà, ọmọ awo sì ń kọ́ ọ láìsí bébà, díẹ̀díẹ̀, ọdún lórí ọdún, á máa pè é níwájú ọ̀gá rẹ̀. Àwọn èèyàn yìí ti ń dé ìwé kí Roediger tó dé.

Ẹlòmíràn tún wà tí mo fẹ́ràn láti máa sọ̀rọ̀ rẹ̀, Hermann Ebbinghaus, ará Jámánì, tó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1885. Ara rẹ̀ ló fi ṣe ìdánwò. Ó kọ́ àwọn sílébù tí kò nítumọ̀ sórí, ó sì ń wọn bí ó ṣe ń gbàgbé wọn. Láàárín wákàtí kan, èyí tó pọ̀ jù ti lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ kan, bí ìdá mẹ́ta iṣẹ́ náà ló kù. Ṣùgbọ́n láti ibẹ̀ lọ, ìgbàgbé kò sáré mọ́: lẹ́yìn oṣù kan, ó ṣì ku bí ìdá márùn-ún rẹ̀. Òun náà ló rí i pé kí èèyàn pín iṣẹ́ sí ọjọ́ mẹ́ta sàn ju kó kó o jọ sí ọjọ́ kan. Kí ni táìmù-tébù Àṣàkẹ́ sọ nípa èyí? Ó ní kó ṣe àtúnkà láago 11 òru, lọ́jọ́ kan náà tó kọ́ ọ. Ọjọ́ kejì, iṣẹ́ tuntun. Kò sí ibì kankan tí wọ́n ti ní kó padà sí ohun tó kọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Oorun wá ńkọ́? Ní 1924, John Jenkins àti Karl Dallenbach fi akẹ́kọ̀ọ́ méjì péré ṣe ìwádìí ní Cornell. Wọ́n rí i pé ohun tí àwọn méjèèjì kọ́ kí wọ́n tó sùn kò sá lọ bí ohun tí wọ́n kọ́ tí wọ́n sì ń rìn káàkiri lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwádìí ló ti tẹ̀ lé e. Ẹni tó fi wákàtí mẹ́ta sùn kí ó lè kàwé dà bí ẹni tó ń pọnmi sínú agbọ̀n. Ìyá ọmọ náà kò ka Jenkins, ṣùgbọ́n òun ló kọ́kọ́ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: “Bàbá, ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀. Kì í sùn mọ́. Ó subú lórí àtẹ̀gùn lọ́jọ́ Mọ́ńdè.”

Ẹ jẹ́ ká tún wo gírámà díẹ̀, ẹ fara dà á fún mi. A máa ń sọ pé *mo kà á*, *mo kọ ọ́*, *mo kọ́ ọ*. Èmi ni olùwà, èmi ni mo ń ṣe é. Ṣùgbọ́n a kì í sọ pé “mo yé e” bí a bá fẹ́ sọ pé a mọ ìtumọ̀ nǹkan. *Ó yé mi* la ń wí. Ọ̀rọ̀ náà ni olùwà, èmi ni àbọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni *ebi ń pa mí*, bẹ́ẹ̀ náà ni *oorun ń kùn mí*. Òye, ebi àti oorun, àwọn ló ń wá bá wa, wọn kì í dúró de aago 9:00. Ohun tí táìmù-tébù lè dá àkókò fún ni ohun tí a jẹ́ olùwà rẹ̀. Ó lè ní kí o dé ìwé, kí o ya apá kan, kí o sọ ọ́ jáde, kí o dùbúlẹ̀. Kò lè ní kó yé ọ ní aago 9.

Ohun kan wà tí èmi tí mi ò mọ nǹkan kan nípa ìṣègùn lè ràn án lọ́wọ́ sí, òun sì ni orúkọ. Mo ní kó mú èyí tó le jù lọ wá. Ó mú *sternocleidomastoid* wá. Mo rẹ́rìn-ín. Mo bi í pé kí ni *akọ́mọlédè*. Ó ní olùkọ́ Yorùbá. Mo ní kó tú u. A-kọ́-ọmọ-ní-èdè. Ó dáa, tú èyí náà. *Sterno*, egungun àárín àyà. *Cleido*, láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó jẹ́ kọ́kọ́rọ́, egungun tó dábùú láti àyà lọ sí èjìká. *Mastoid*, egungun tó yọ gọngọ lẹ́yìn etí. Iṣan náà ti sọ ilé rẹ̀ fún ọ: ó gbéra ní àyà àti ní egungun èjìká yẹn, ó lọ so mọ́ ẹ̀yìn etí. Mo ní kó yí orí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan kó fọwọ́ kan ọrùn. Ó bá a níbẹ̀. Ojú rẹ̀ là.

Lẹ́yìn náà la wá mú *flexor carpi ulnaris*. *Flexor*, aká, ohun tó ń ká nǹkan. *Carpi*, ti ọrùn-ọwọ́. *Ulnaris*, ti egungun ulna, èyí tó wà níhà ọmọ-ìka tó kéré jù. Ẹ̀yin tí mo kọ́ ní síńtáàsì, ṣé ẹ rí ohun tí mo rí? Ọ̀rọ̀ tó jẹ́ orí ló ṣáájú, ẹ̀yán ló tẹ̀ lé e, gẹ́lẹ́ bí a ṣe ń sọ pé *ilé bàbá*. Gẹ̀ẹ́sì ló máa ń dorí rẹ̀ kodò. Èdè Látìn tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba ọmọ wa fi ètò tí ọmọ náà gbà láti ilé ìyá rẹ̀ to ọ̀rọ̀, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un. Wọ́n ní kó há a sórí bí ìgbà tí Ebbinghaus ń há sílébù tí kò nítumọ̀. Ewu wà nínú irú ìháṣórí yẹn o. *Hyper* ni kí nǹkan pọ̀ jù, *hypo* ni kó kéré jù. *Hyperglycaemia*, *hypoglycaemia*: ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ jù, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kéré jù. Dókítà tó bá fi ọ̀kan pe èkejì láàárín òru, aláìsàn lè bá a lọ.

Wọ́n á sọ pé àwọn tó ṣáájú ńkọ́, ṣé àwọn náà tú ọ̀rọ̀ palẹ̀? Mi ò mọ bí wọ́n ṣe kàwé. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé tó wà ní Massey Street, tí kò jìnnà sí yàrá Àṣàkẹ́, Elizabeth Abimbola Awoliyi ló darí rẹ̀ láti 1960 sí 1969, obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣe iṣẹ́ dókítà ní Nàìjíríà. Ní Dublin ló ti gboyè ní 1938. Mo rò pé ó máa sùn nígbà míràn. Obadiah Johnson, tó kọ ìwé àpilẹ̀kọ rẹ̀ ní Edinburgh ní 1889 lórí ìwòsàn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, òun náà ló fi àkọsílẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Samuel Johnson, fi sílẹ̀ tún ìwé ìtàn Yorùbá kọ nígbà tí èyí tí wọ́n kọ́kọ́ kọ sọnù lọ́wọ́ òǹtẹ̀wé. Inú àkọsílẹ̀ ló ti tún un kọ. Bírò ìyeyè kò lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, torí kò kọ ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀.

Ṣé kí n wá dá ara mi sí? Rárá o. Àwọn tó jókòó sí kíláàsì mi láyé àtijọ́ á rántí ìbéèrè tí mo máa ń fi bẹ̀rẹ̀ ní òwúrọ̀ Mọ́ńdè: “Wákàtí mélòó lẹ kà?” Mo máa ń yin ẹni tó bá ní mẹ́jọ. Ọ̀kan nínú yín ń sùn ní láíbírì lóru, mo sì fi í ṣe àpẹẹrẹ níwájú gbogbo èèyàn, títí ó fi ṣàìsàn ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò tó sì pàdánù ọdún kan. Ó ti jẹ́ èèyàn ńlá báyìí, ó máa ń pè mí lọ́jọ́ ìbí mi. Kò bá mi jà rí lórí rẹ̀. Mi ò ju ẹni tó kọ bébà yẹn lọ. Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan nínú yín tiẹ̀ ti gbé ìmọ̀ràn mi dé ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, kó sì jẹ́ pé èmi gan-an ni òǹkọ̀wé tí kò lórúkọ yẹn.

A já bébà náà kúrò lára ògiri. A kọ òmíràn, ó kúrú. Ọ̀rọ̀-ìṣe ló bẹ̀rẹ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan: *dé ìwé kí o sọ iṣan apá; ya á; padà sí ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá; sùn*. Oorun gba wákàtí mẹ́fà. Inú mọ́tò, dípò kó máa tòògbé lórí ìwé, ó ní káàdì kékeré tó kọ ìbéèrè sí iwájú rẹ̀ àti ìdáhùn sí ẹ̀yìn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń fi fóònù ṣe irú rẹ̀, ó ní, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tó ń já fóònù gbà nínú gosúlóò kò jẹ́ kóun yọ tòun.

Lálẹ́, ó ń kọ́ ìyá rẹ̀. Èdè wa kò ya ẹni tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó ń kọ́ni, *kọ́* kan náà ni, mo sì fẹ́ rí bí yóò ṣe rí bí a bá gbà á bẹ́ẹ̀. Alẹ́ àkọ́kọ́ tí mo wà níbẹ̀, wọ́n jókòó sí ìdí àwo ìyá náà, ó ń ṣa ìfun tó fẹ́ fọ̀. Àṣàkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ikùn èèyàn. Ìyá rẹ̀ ní, “Ṣàkì tiyín dà?” Ọmọ náà ní èèyàn kò ní ṣàkì. “Èé ṣe?” Ó ní màlúù ń jẹ koríko, oúnjẹ rẹ̀ ní láti kọ́kọ́ pẹ́ níbì kan kí ó tó dà. “Kí ló wá so ìfun ti èèyàn mọ́ ẹ̀yìn tí kò fi lọ́ mọ́ra wọn?” Ìyá fa ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lára ìfun inú àwo sókè, ó fi hàn án. Àṣàkẹ́ dákẹ́. Ó ti kùn ún ní ìyeyè nínú ìwé, kò mọ̀ pé òun nìyẹn. Ó sáré wọlé lọ mú ìwé rẹ̀. *Mesentery* ni. Mo tú u fún un lójú ẹsẹ̀: *mes*, àárín, *enter*, ìfun. Ìyá ní, “Ẹni tó bá ń fọ ìfun mọ ìyẹn.”

Wọ́n ti ṣe ìdánwò kejì. Ó gba 52 nínú Anátómì. Nínú Bayokẹ́místìrì, 44 ló gbà, ó sì ku oṣù díẹ̀ kí ìdánwò ńlá dé, èyí tí wọ́n ń pè ní Second MB, tó bá sì kùnà nínú rẹ̀ àti nínú àtúnṣe rẹ̀, wọ́n lè ní kó máa lọ sílé. Ó ti wá sọ ti 38 náà fún ìyá rẹ̀. Mi ò sí níbẹ̀. Wọ́n ní ìyá kò sọ̀rọ̀, ó kàn bù oúnjẹ sí i.

Ní ti Bayokẹ́místìrì yìí, orúkọ rẹ̀ kò rọrùn fún mi láti tú bíi ti iṣan. Ó fi fóònù pè mí lánàá lórí àyípo kan tí wọ́n ń pè ní Krebs, ó ní, “Bàbá, ẹ tú eléyìí náà.” Orúkọ èèyàn ni, Hans Krebs, kò ní nǹkan kan tí a lè tú. Àwọn tó jẹ́ dókítà nínú yín, ẹ wo àtúpalẹ̀ mi lórí iṣan bóyá mo ti ṣìnà níbì kan. Ẹni tó bá sì ní ọ̀nà tó gbà mọ àyípo yẹn láìwòwé, kó jọ̀ọ́ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi kí ọjọ́ Jímọ̀ tó dé. Ìgbà yẹn ni mo tún ń lọ sí Ìta Fàájì.